Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Gbé Owó Òbí Lọ Kí Ọmọ Tó Jókòó Ìdánwò JAMB

Lọ́dọọdún tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde ni owó máa ń fò lọ lápò àwọn òbí nílùú Abẹ́òkúta yìí, tí ọmọ á sì tún padà wá ra fọ́ọ̀mù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́sìn JAMB ni mo ń kọ́ wọn, ojú mi ló ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń bí mi nínú gan-an.

1. Ẹ má yan sọ́bújẹ́ẹ̀tì torí pé ọ̀rẹ́ yín ló yàn án. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni. Ọ̀fẹ́ ni JAMB gbé ìlànà yìí àti sílábọ́ọ̀sì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀.

2. Ẹ má gbé fóònù tàbí kákúlétọ̀ wọlé. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, kákúlétọ̀ sì wà lójú ẹ̀ níbẹ̀.

3. Ẹ má há past question, ìyẹn ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, sórí. Ibí yìí gan-an ló ń dùn mí. Ọmọ á ra ìwé jọ, á wá máa ka ìbéèrè pọ̀ mọ́ ìdáhùn bí ẹni ń ki oríkì. Ọ̀kan wá bá mi, ó ní òun ti parí ti Físíìsì. Mo ní kò burú: mọ́tò kan gbéra láti ojú kan, acceleration rẹ̀ (bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i) jẹ́ 2 m/s², báwo ló ṣe rìn jìnnà tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5? Kíá, ó ní mítà 25. Ó gbà á. Mo sọ 5 di 6. Ó tún ní 25! Mítà 36 ni. Owó ìyá ẹ̀ ló wà nínú àwọn ìwé yẹn o, ìyá tó ń ta àdìrẹ n'Ítọ̀kú látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ fi bébà bo ìdáhùn, kẹ́ ẹ gbé aago síwájú. Ìbéèrè 180 ni: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Wákàtí 2 ni gbogbo ẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Èyí tẹ́ ẹ bá kùnà, ẹ wá orí-ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú sílábọ́ọ̀sì, ẹ lọ ka ibẹ̀ látòkèdélẹ̀ nínú textbook, kẹ́ ẹ tó padà sí ìbéèrè náà lọ́sẹ̀ kejì. Ìwé kan tẹ́ ẹ bá ṣe báyìí sàn ju mẹ́wàá tẹ́ ẹ kàn há lọ.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ńkọ́? Mo kọ́ ọmọbìnrin kan tí Kẹ́mísírì dùn lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Bó ṣe ń wá lẹ́tà kiri ni àsìkò ń lọ. Bọ́tìnnì 8 péré sì ti tó: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R tẹ́ ẹ bá tẹ S tán tẹ́ ẹ wá rí i pé ẹ ò tíì fẹ́ parí. Ẹ sanwó káfè kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Camp, kẹ́ ẹ fọwọ́ kọ́ ọ. Owó yẹn ò ṣòfò.

Ẹ má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófo. JAMB kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tó kùnà.

Àwọn tó ń ta expo, ìyẹn ìbéèrè àti ìdáhùn tí wọ́n ní ó ti jò síta, lórí WhatsApp, ẹ má dá wọn lóhùn. Ìbéèrè tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín kọ́ ló wà lójú ti ẹni tó jókòó tì yín, kí wá ni wọ́n ń tà? Àwọn tó ní àwọn á bá yín fi máàkì kún èsì, olè ni wọ́n. Mo mọ bàbá kan tó yáwó lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fún irú wọn. Nígbà tó máa fi dọjọ́ kejì, nọ́ńbà wọn ò lọ mọ́.

Tí slip, ìyẹn ìwé tó ń sọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣèdánwò, bá ti jáde, ẹ lọ wo ibi ìdánwò kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó ń gbé Láfẹ́nwá tí wọ́n gbé lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kó ti mọ ibi tó ti máa wọ mọ́tò àti iye tí wọ́n ń gbà.