Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Mì: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Ṣe Fúnra Yín

Okun o, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ní Yàgbà, ní Ìjùmú, ní Bùnú, ní Kàbà títí dé Ọ̀wọ́rọ̀, ọ̀kadà ti gba ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ológeere kò tíì tán nílé wa. Òun ni bàbá àgbà ṣì ń gùn lọ wo igi kajú rẹ̀ láàárọ̀, òun lọmọ ilé ìwé ń gùn, òun náà la máa ń di kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ lẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò gba epo, kò sì béèrè owó lọ́wọ́ ẹni lójoojúmọ́. Ìjókòó rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọni lẹ́nu. Ọ̀nà oko wa le, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ a máa ṣe wúruwùru bí eegun ìhà tí òjò bá ti lọ, gbogbo ìgbọ̀nrìrì yẹn sì ń tú nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe yìí kò ju iṣẹ́ ìdajì wákàtí lọ lábẹ́ igi máńgòrò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ìwé yìí: ẹ má tíì le nọ́ọ̀tì kankan títí ẹ ó fi mọ ohun tó ń mì gan-an.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ dúdú gíga kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí bàbá bá ti jókòó lé e, imú ìjókòó a yí sókè. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùnṣe kan, ẹni yẹn kò wo nǹkan kan, ó ki páìpù bọ ìdí sípánà kó lè lágbára sí i, ó sì le nọ́ọ̀tì náà títí ó fi ké. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìjókòó fi dúró. Lọ́jọ́ kẹrin, bí bàbá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú àpò kajú lẹ́yìn, bóòtì náà já, ìjókòó fò lọ, bàbá sì fi ìdí lu orí ọ̀pá irin. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń jókòó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí a tú ohun tó kù wò, eyín tó yẹ kó bu ara wọn jẹ nínú ìdìmú ìjókòó, ìyẹn irin tó gbá ìjókòó mọ́ orí ọ̀pá, ti jẹ tán, ó ń dán bí owó wẹ́wẹ́, eruku pupa tó pò mọ́ gírísì sì kún ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì kò ṣàìsàn rárá. Eyín ló kú.

Ẹ fi ọwọ́ wá ibi tó ń mì

Ẹ fi kẹ̀kẹ́ ti ara ògiri. Ẹ fi ọwọ́ kan di férémù mú, kí ẹ fi èkejì mú imú ìjókòó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, kí ẹ tún gbé e sókè. Bí imú bá ń lọ sókè sódò tí ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ kò mira, ìdìmú ló dẹ̀. Ẹ wá yí imú náà sí ọ̀tún àti òsì. Bí ìjókòó àti ọ̀pá bá jọ ń yí pọ̀, ibi tí ọ̀pá ti wọnú férémù ni kí ẹ wò. Bí eékún yín bá ń ga sí i bí ẹ ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, ọ̀pá ló ń rì, ibì kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ìdìmú àti ọ̀pá bá dúró gbọn-in tí òkè ìjókòó nìkan ń mì, àfàìmọ̀ kí irin wẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ má ti yọ kúrò lára ike.

Bí ìdìmú bá dẹ̀

Nọ́ọ̀tì ìdìmú lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́ sábà máa ń gba sípánà 13 tàbí 14, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ti àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun mìíràn jẹ́ bóòtì tó ń gba irin onígun mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Allen key, nọ́ńbà 5 tàbí 6. Ẹ má fi ẹ̀mú yí nọ́ọ̀tì. Yóò jẹ igun rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá sì wá sípánà gidi, kò ní rí ibi dì mú mọ́.

Bí ìpata bá ti mú un, ẹ ta kẹrosíìnì díẹ̀ sí i lálẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ di àárọ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì títí ìdìmú yóò fi ṣí, ẹ má kàn tú u díẹ̀ kí ẹ sì yí ìjókòó tipátipá, nítorí ohun tó ń jẹ eyín ìdìmú náà nìyẹn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti kẹrosíìnì fọ eyín yẹn, kí ẹ fi àkísà nù ún gbẹ dáadáa. Ẹ gbé e síta oòrùn kí ẹ wò ó. Bí eyín bá ṣì mú, tó ṣeé fi èékánná họ kó dún, ó ṣì dára. Bí ó bá ti dán, kò sí oògùn tó lè mú un hù padà. Ẹ ra ìdìmú mìíràn, kò wọ́n tó owó oògùn ìfarapa. Àwọn kan máa ń fi páànù tàbí rọ́bà há a láàárín, èmi kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ ju kí ẹ fi dé ilé lọ.

Ẹ fi gírísì díẹ̀ sí ojú bóòtì níbi tí nọ́ọ̀tì ti ń yí, kí ìpata má bàa mú un mọ́. Ẹ má jẹ́ kó kan eyín ìdìmú, bẹ́ẹ̀ ni kó má kan irin wẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdìmú há mọ́ra. Gírísì níbẹ̀ dà bí omi ilá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọkọ́ mú.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ gbé ìjókòó tẹ́jú, kí ẹ jẹ́ kí eyín wọ eyín kí ẹ tó le ohunkóhun. Ẹ yí nọ́ọ̀tì ọ̀tún ní ìdajì, kí ẹ yí ti òsì ní ìdajì, kí ẹ máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá le ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó bọ́ sí èkejì, ìjókòó rẹ̀ yóò wọ́. Ẹ máa béèrè pé báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Bí sípánà yín bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, agbára tí ẹ fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti tó. Kò sí ohun tí páìpù ń ṣe níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí wáṣà onísípírìǹgì, ẹ fi sábẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí bóòtì bá gùn tó, ẹ lè fi nọ́ọ̀tì kejì ti èkínní pa. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà pẹ́ńtì funfun tóóró láti orí nọ́ọ̀tì bọ́ sórí ìdìmú. Lọ́jọ́ tí ìlà náà bá já sí méjì, ẹ ti mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ti yí, ẹ kò ní dúró kí imú ìjókòó tó sọ fún yín.

Bí ọ̀pá bá ń yí tàbí tó ń rì

Ní orí páìpù tí ọ̀pá wọ̀, ẹ ó rí etí méjì tí bóòtì kan fà súnmọ́ra. Ẹ wo àárín etí náà dáadáa. Bí àyè bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ le bóòtì, ó lè tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí etí méjèèjì bá ti kanra tí ọ̀pá sì ń yí síbẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè le bóòtì yẹn tó tí yóò ṣiṣẹ́. Ọ̀pá náà kéré jù fún férémù yín ni. Èyí wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ tó ti lo ọ̀pá ẹlòmíràn. Oríṣiríṣi ìwọ̀n ni ọ̀pá ní, mìlímítà 25.4 àti 27.2 wà lára èyí tó wọ́pọ̀, ìyàtọ̀ mìlímítà 0.2 péré sì tó láti sọ ọ́ di aláìdúró.

Ẹ gé agolo ohun mímu tó fẹ́lẹ́, irú èyí tí ọwọ́ ń tẹ̀ wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mìlímítà 0.1, nítorí náà bí ẹ bá fi yí ọ̀pá ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti fi 0.2 kún un. Kí gíga rẹ̀ lára ọ̀pá tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6, kí etí rẹ̀ má gun ara wọn, kí ẹ sì tẹ orí rẹ̀ díẹ̀ síta kó má bàa rì sínú férémù. Ẹ ṣọ́ra, etí agolo mú bí abẹ. Bí ẹ bá nílò ju ìyípo méjì lọ, ẹ lọ wá ọ̀pá tó bá férémù mu.

Ẹ tún wo ibi tí ọ̀pá gùn dé nínú páìpù. Ọ̀pọ̀ ní ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára, ìlà yẹn kò gbọdọ̀ hàn síta. Níbi tí kò bá ti sí, ẹ jẹ́ kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 7, ó kéré tán. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó ga ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, tó sì fa ọ̀pá jáde títí ó fi ku bí ìka méjì nínú páìpù. Orí férémù ya bí igbá, kẹ̀kẹ́ náà kò sì ṣeé gùn mọ́.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fa ọ̀pá jáde, ẹ nù ún, ẹ fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á. Níbí gírísì dára, nítorí bóòtì ló ń di ọ̀pá mú, ìpata sì lè so ó pọ̀ mọ́ férémù títí láé.

Bí òkè ìjókòó bá yọ

Ìjókòó oníke ní ihò kékeré tí orí irin wẹ́ẹ́rẹ́ ń wọ̀, méjì lẹ́yìn, ọ̀kan tàbí méjì níwájú. Bí ó bá kàn yọ ni, ẹ fi súkúrú díráfà gbé ike náà kí irin wọlé padà. Bí ike bá ti sán, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó sán, kí ẹ fi wáyà rán an, kí ẹ tẹ orí wáyà sí ìsàlẹ̀. Àtúnṣe fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí irin wẹ́ẹ́rẹ́ náà bá ti kán, ẹ má gbé e fún awẹ́dà. Iná yóò sun ike, irin náà yóò sì tún kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́.

Ìjókòó aláwọ ní nọ́ọ̀tì kan lábẹ́ imú rẹ̀ tó ń fa awọ le. Ẹ yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn tí awọ bá ti gbẹ. Ẹni tó bá fà á nígbà tó ṣì tutù yóò ya á. Tí òjò bá ń bọ̀, ẹ fi ọ̀rá dé e.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ìyá tó ń gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Sípírìǹgì ńlá abẹ́ ìjókòó àtijọ́ a máa pàdé ara wọn bí ẹni tó jókòó bá wúwo, ibẹ̀ sì gan-an ni ọmọdé máa ń wá dì mú. Ẹ gé tọ́ọ̀bù táyà àtijọ́, ẹ fi yí sípírìǹgì méjèèjì ká pátápátá, kí ẹ fi wáyà dì í lókè àti nísàlẹ̀, kí ìka ọmọ má ríbi wọ̀.