Bí Ẹ Ṣe Lè Kópa Nínú Ìwádìí Ìṣègùn Lórí Àìsàn Ọpọlọ

Ẹ jẹ́ kí ohun kan yé yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀: ìwádìí kì í ṣe ìtọ́jú. Dókítà yín lè yí oògùn yín padà lọ́la bó bá rí i pé kò bá yín lára mu. Ọwọ́ olùwádìí kò tú tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ló ń wá ìdáhùn sí, ìlànà tó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó dé ni yóò sì tẹ̀ lé. Ó lè ṣe yín láǹfààní, ó sì lè má ṣe. Ẹni tó wọlé nítorí ó rò pé òun ti rí dókítà ọ̀fẹ́ ni inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ jù.

Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló ní oògùn nínú. Òmíràn kò ju kí wọ́n bi yín ní ìbéèrè, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ yín. Òmíràn ń dán ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe wò. Wọ́n tún máa ń wá àwọn tí kò ní àìsàn náà rárá, kí wọ́n lè fi tiwọn wé ti aláìsàn. Bó bá jẹ́ oògùn tuntun, ẹ béèrè ìpele tó wà. Ní ìpele kìíní, àwọn tó ń lò ó kì í sábà ju ọgọ́rùn-ún lọ, ohun tí wọ́n sì ń wò ni bóyá ó léwu àti ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ìpele kejì àti ìkẹta ni wọ́n ti ń wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ní ìkẹta, olùkópa lè ju ẹgbẹ̀rún lọ. Bí ìpele bá ṣe kéré tó ni ohun tí a mọ̀ nípa wàhálà oògùn náà ṣe ń kéré tó.

Ibi tí ẹ ti lè rí i

Ẹ wo ClinicalTrials.gov, ìkànnì tí wọ́n ń kọ ìwádìí ìṣègùn sí, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 2000. Ẹ tẹ orúkọ àìsàn náà àti ìlú yín, kí ẹ sì yan “Recruiting”, kó lè jẹ́ kìkì àwọn tó ṣì ń gba olùkópa ni yóò jáde. Ìwádìí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: NCT, lẹ́yìn náà nọ́ńbà mẹ́jọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní ICTRP, tó ń kó ìwádìí orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ sójú kan. Ṣùgbọ́n pé ìwádìí wà níbẹ̀ kò sọ pé ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń ṣe é ló kọ ọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó kópa, ẹ yẹra fún un.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́

Orí fóònù ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó pè, ẹ kọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sílẹ̀: orúkọ rẹ̀, mílígíráàmù mélòó, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yí i padà kẹ́yìn. Ọjọ́ ìkẹyìn yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà, nítorí ìwádìí púpọ̀ fẹ́ kí ìwọ̀n oògùn ti dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oyún, wárápá, ọtí àmujù àti ìwádìí mìíràn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ náà lè dí yín lọ́nà.

Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́. Ẹni tó bá ṣíwọ́ fluoxetine, oògùn ìsoríkọ́ kan, ní láti dúró tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó lè lo oògùn ìsoríkọ́ mìíràn irú MAOI, nítorí fluoxetine kì í tètè kúrò lára. Bí méjèèjì bá pàdé, serotonin, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, lè pọ̀ jù nínú ara, ìyẹn sì lè pa ènìyàn.

Ìwé kan tí ẹ lè bá pàdé ni PHQ-9, tí wọ́n fi ń wọn bí ìsoríkọ́ ṣe le tó. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, ìfẹ́ sí nǹkan tó máa ń wù yín tẹ́lẹ̀. Ẹ ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 27 lọ. Àwọn kan máa ń bù mọ́ ọn kí wọ́n lè rí ààyè wọlé. Nígbà tó bá di ìbẹ̀wò kejì, wọn á padà sí òótọ́, nọ́ńbà á wálẹ̀, á wá dà bí ẹni pé ara wọn ti yá, ì báà jẹ́ oògùn àfarawé, tí kò ní èròjà kankan tó ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n gbé mì. Báyìí ni oògùn tó dára ṣe lè kùnà nínú ìdánwò. Ìbéèrè kẹsàn-án jẹ mọ́ èrò ikú. Bí ìdáhùn yín bá ju 0 lọ, wọn yóò béèrè sí i. Ẹ là á mọ́lẹ̀.

Ìwé ìfọwọ́sí

Ẹ gbé ìwé tí ẹ ó fi gbà láti kópa lọ sílé. Ẹni tó bá ní àfi kí ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnìkan nílé ní ọ̀rọ̀ ara yín. Ibi tí ẹ bá ti ń já lẹ́nu, ẹ sàmì sí i, kí ẹ lọ béèrè.

Ẹ wá bí wọ́n ṣe ń pín oògùn. Kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń yan ẹni tí yóò gba ojúlówó àti ẹni tí yóò gba àfarawé. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin àti dókítà ìwádìí kò ní mọ èwo ni tiyín, nítorí náà ẹ béèrè nọ́ńbà tí ilé ìwòsàn lè pè bí pàjáwìrì bá dé. Ẹ tún wò ó nínú ìwé náà ẹni tí yóò sanwó bí ìwádìí bá pa yín lára, ohun tí yóò mú kí wọ́n tú àṣírí yín (ewu sí ẹ̀mí ló sábà máa ń jẹ́), àti bóyá wọn yóò tọ́jú ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá kúrò. Nọ́ńbà ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ olùkópa gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe ti olùwádìí. Ní ti owó ọkọ̀ àti àkókò yín, ẹ béèrè bóyá ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń san án. Bó bá jẹ́ ìparí nìkan ni, yóò ṣòro fún yín láti kúrò nígbà tó yẹ kí ẹ kúrò.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kà jù ni ibi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ ṣíwọ́ oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ má dá a ṣíwọ́ fúnra yín ṣáájú. Ẹni tó fi oògùn ìsoríkọ́ sílẹ̀ lójijì lè máa ní òòyì, kí oorun dá, kí orí rẹ̀ máa ta bí ìgbà tí iná bá gbé ènìyàn. Ní ti lithium, oògùn tí wọ́n fi ń mú ìṣesí dúró sójú kan, ṣíṣíwọ́ lójijì lè mú kí àìsàn padà kíákíá. Ẹ béèrè ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, ta ni yóò máa pè yín, àti ohun tí wọn yóò ṣe bí ara bá burú sí i. Kí dókítà tiyín náà gbọ́ sí i.

Nígbà tí ẹ bá ti wọlé

Ẹ má ju páálí òfìfo àti oògùn tó ṣẹ́kù nù, nítorí wọn yóò kà á. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun láìsọ fún wọn, títí kan ti ìbílẹ̀ àti ewé kan tí wọ́n ń pè ní St John's wort, tó ń bá oògùn ìsoríkọ́ jà. Bí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán ọpọlọ yín pẹ̀lú MRI, ẹ̀rọ tó ń lo agbára òòfà, ẹ sọ bí irin tàbí ẹ̀rọ ọkàn bá wà lára yín. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀, inú rẹ̀ há, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ mira. Ẹ béèrè bọ́tìnì tí ẹ ó tẹ̀ bí àyà yín bá já.

Ẹ lè kúrò nígbàkúgbà láìsí ìtanràn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn dípò kí ẹ kàn fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n lè dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí èrò pípa ara ẹni bá dé, ẹ má dúró de ìbẹ̀wò tó kàn. Ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì tó bá sún mọ́ yín.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ béèrè oògùn tí ẹ gbà gan-an. Ìdáhùn lè pẹ́ títí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi parí. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà yín kọ ọ́ sínú fáìlì yín.