Oòrùn ló gbé ohùn fèrè yín lọ, kì í ṣe pé ó bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń darí ẹgbẹ́ onífèrè àdúgbò ní Rẹ́mọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá ra trumpet méjì, ó ní àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́. Mo yẹ̀ wọ́n wò. Kò sóhun tó ṣe wọ́n.

1. Ẹ má to ohùn fèrè nínú ilé kẹ́ ẹ tó wá fọn ọ́n ní pápá. Bí afẹ́fẹ́ inú fèrè bá ṣe ń gbóná sí i ni ohùn rẹ̀ ń ròkè. Bí ooru bá fi digírì 10 lé sí i, ohùn lè kúrò ní àyè rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnnì funfun keyboard àti dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Keyboard ní tirẹ̀ kì í yẹsẹ̀. Trumpet tó wà lójú oòrùn á ti ga, tuba, fèrè ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, tó wà lábẹ́ igi á ṣì wà nísàlẹ̀, làwọn èèyàn á bá ní ẹ ò mọ̀ ọ́n fọn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Ojúde Ọba kan, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Abẹ́ fáànù ni mo ti to ohùn gbogbo wa. Nígbà tá a fi máa bẹ̀rẹ̀ eré fún àwọn regbéregbé, oòrùn ọ̀sán ti mú gan-an, ohùn wa sì ń ta ko keyboard. Mo jágbe mọ́ ọmọ tó ń fọn trombone lójú gbogbo ayé. Kò fèsì, ó kàn ń fi aṣọ nu ẹnu fèrè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò wá sí ìdánrawò mọ́. Òun nìkan ló ń fi ọ̀pá trombone rẹ̀ wá ohùn keyboard kiri. Àwa yòókù la ṣìnà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ tètè dé pápá. Ẹ fọn fèrè títí á fi gbóná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fa ọ̀pá ìtohùn, ìyẹn ọ̀pá kékeré tá a fi ń to ohùn fèrè, síta díẹ̀díẹ̀ kí ohùn lè sọ̀ kalẹ̀.

2. Ẹ má fọn ún bí ẹni tó ń jà. Kò sí ògiri ní pápá tó máa dá ohùn padà, ẹ á máa rò pé wọn ò gbọ́ yín, títí ètè á fi wú. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ilé kan tó bá wà nítòsí.

Ẹ má mu gààrí Ìjẹ̀bú oníṣúgà tán kẹ́ ẹ wá gbé fèrè sẹ́nu láìyọ ẹnu. Mo ti tú valve, ìyẹn ibi tá a ń fìka tẹ̀ lára fèrè, tí ẹ̀pà há sí rí.

Òróró ìdáná kì í ṣe valve oil, òróró tá a ń kán sí valve. Epo ẹ́ńjìnnì náà kọ́.

Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ di ìwé orin mú.

Trumpet mẹ́fà láìsí tuba kan, ariwo lásán ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa gbé trumpet àtijọ́ méjèèjì jáde sí pápá lọ́sàn-án gangan. Mo ti sọ fún un pé kó má tíì já ọ̀rá lára àwọn tuntun.