Bí A Ṣe Ń Tún Ògiri Kóòtù Ìbílẹ̀ Alámọ̀ Ṣe

Síméńtì tí wọ́n rẹ́ mọ́ ara ògiri ló sábà máa ń ba kóòtù ìbílẹ̀ alámọ̀ jẹ́ ní ìgbèríko Èkìtì. Amọ̀ máa ń fa omi látinú ilẹ̀, oòrùn àti atẹ́gùn a sì gbà á padà lára rẹ̀. Bí síméńtì bá ti bò ó, omi há síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ògiri á máa rọ̀ lábẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣì máa dán. Ẹ fi ìka kàn án láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, amọ̀ ti kúrò lẹ́yìn síméńtì níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù, ẹ kọ́kọ́ kó ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kúrò nínú ilé. Bí ikán bá jẹ ìwé ẹjọ́ ilẹ̀, kò sí bíríkìlà tó lè tún un mọ. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri. Bí ẹ bá ń wá ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, abẹ́ Ondo Province ni Èkìtì wà láyé ìjọba òyìnbó, torí náà fáìlì Ondó ni kí ẹ béèrè ní National Archives, Ìbàdàn. Òfin Native Court jáde ní 1914. Òfin Western Region ti 1957 ló sọ ọ́ di Customary Court. Orúkọ méjèèjì ni kí ẹ fi wá a.

Òkè ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ dí ibi tí páànù ti ń jò, kí etí òrùlé sì yọ jáde tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Lẹ́yìn náà, ẹ wa erùpẹ̀ tó ti gorí ẹsẹ̀ ògiri kúrò, kí omi òjò máa ṣàn lọ. Ẹ wá máa ṣí síméńtì díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá. Bí amọ̀ bá ń bá a wó, ẹ dúró, ẹ fi igi ti ògiri ná.

Ẹ bu ilẹ̀ amọ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò funfun, ẹ bu omi kún un, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè. Bí amọ̀ bá pọ̀, iyanrìn òṣùwọ̀n 2 tàbí 3 sí amọ̀ 1. Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ 3, kí ẹ tún un tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ẹ sí ibi kékeré kan: bó bá sán, amọ̀ pọ̀ jù, bó bá ń ṣí bí ìyẹ̀fun, iyanrìn pọ̀ jù.

Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sára ògiri, ẹ rẹ́ ẹ ní ìdajì ínǹṣì. Àkọ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kí èkejì tó tẹ̀lé e. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ fi àpò tútù kọ́ ojú rẹ̀, torí gbígbẹ kíákíá ló ń fà á tó fi ń sán. Ẹfun ni kí ẹ fi kùn ún; ẹ má fi ọ̀dà olóròóró kùn ún, bákan náà ló ń há omi mọ́ inú ògiri bíi síméńtì.