Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìtumọ̀ òwe Ọlọ́rọ̀ àti Lásárù

Ọdún kan kì í lọ kí a má gbọ́ ìwàásù lórí ọlọ́rọ̀ àti Lásárù. Bí a bá sin òkú, a ó gbọ́ ọ. Bí a bá fẹ́ kówó jọ láti kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, a ó tún gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pàápàá ti mọ̀ ọ́n lórí: ọlọ́rọ̀ wọ aṣọ elésè àlùkò, alágbe kún fún egbò, ajá ń lá a, àwọn méjèèjì kú, Lásárù alágbe bọ́ sí oókan àyà Ábúráhámù, ọlọ́rọ̀ bọ́ sínú iná. Ẹsẹ 13 péré ni, Lúùkù 16:19 sí 31, kò sì sí nínú ìwé Ìhìn Rere mẹ́ta yòókù. Bó ṣe kúrú tó yìí náà, a ti fà á sọ́tùn-ún, a ti fà á sósì. Èmi tí mò ń kọ èyí ti fi í dẹ́rù ba àwọn ọmọ kíláàsì mi rí, mi ò sì fi í yangàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú kékeré kúrò nílẹ̀. Lásárù yìí kọ́ ni Lásárù ará Bẹ́tánì, arákùnrin Màríà àti Màtá, tí Jésù jí dìde nínú Jòhánù orí 11. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, orúkọ Hébérù tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run ṣe ìrànlọ́wọ́. Bákan náà, "Dives" tí àwọn kan ń pe ọlọ́rọ̀ náà kì í ṣe orúkọ àbísọ. Èdè Látìn ni, "ọlọ́rọ̀" náà ló túmọ̀ sí. Jésù ò dárúkọ ọkùnrin yẹn rárá. Ẹni tí àwọn onílù ì bá máa kì lóde àríyá ni kò lórúkọ, ẹni tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ló ní.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé a máa ń wá ẹ̀ṣẹ̀ kún ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́rọ̀ náà. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ: ó kó owó ìlú jẹ, ó gba ilẹ̀ opó, ó ṣe oògùn owó. Níbo ni wọ́n ti rí i? Òwe náà kò pè é ní olè. Kò sọ pé ó lé Lásárù kúrò, kò sọ pé ó dẹ ajá sí i. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó jẹun tó dáa, ó ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ kọjá. Mo mọ ìdí tí a fi ń fi oògùn owó kún un. Bó bá jẹ́ olè ni, àwa ti bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kò ṣe ju kó máa wọlé kó máa jáde lọ, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó ní géètì.

Kò sì lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà nínú oró, "Rán Lásárù" ló wí. Ó mọ orúkọ rẹ̀! Ẹ tún wò ó dáadáa: kò bá Lásárù fúnra rẹ̀ sọ gbólóhùn kan. Ábúráhámù ló ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ń fi Lásárù ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kó ti ìka bọ omi wá fi tu ahọ́n òun lára, kó lọ jíṣẹ́ nílé bàbá òun. Iná ò tíì kọ́ ọ pé ènìyàn ni alágbe yẹn. Martin Luther King, oníwàásù tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, mú kókó yìí dání nínú ìwàásù tó ṣe ní Washington ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1968, ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó pa á. Ó ní kì í ṣe ọrọ̀ ló gbé ọkùnrin náà dé ọ̀run àpáàdì, bí kò ṣe pé ó ń kọjá lára Lásárù lójoojúmọ́ láìrí i.

Àwọn kan gba ọ̀nà kejì ṣìnà. Wọ́n ní owó fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, òṣì sì ni ìwé ìwọlé sí ọ̀run. Wọ́n á ka ẹsẹ 25, pé ọlọ́rọ̀ ti gba ohun rere tirẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, wọ́n á sì pa Bíbélì dé. Àmọ́ ta ni Lásárù wà ní oókan àyà rẹ̀? Ṣebí Ábúráhámù ni. Jẹ́nẹ́sísì 13:2 sọ pé ó lówó gan-an, ní ẹran ọ̀sìn, ní fàdákà àti ní wúrà. Orí tó tẹ̀ lé e sọ pé ọkùnrin 318 tí a bí nínú ilé rẹ̀ ló kó lọ sójú ogun. Ọlọ́rọ̀ méjì ló wà nínú òwe yìí, ọ̀kan ṣoṣo la sì máa ń rí.

Ẹ wá ṣí Jẹ́nẹ́sísì 18. Baba tó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ rẹ̀ nígbà tí oòrùn mú. Ó rí ọkùnrin mẹ́ta tí kò mọ̀ rí. Ó sáré. Ó wólẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kọjá, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún ẹsẹ̀ wọn, ó ní kí Sárà yára ṣe àkàrà, ó sáré lọ mú ọmọ màlúù tó rọ̀, ó sì dúró tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun. Bí ẹ bá gbé ẹnu ọ̀nà àgọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ọlọ́rọ̀ aláṣọ àlùkò, òwe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má nílò oníwàásù mọ́. "Oókan àyà" náà, ọ̀rọ̀ ibi àsè ni. Ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ ni wọ́n ń jẹun nígbà náà, ẹni tó bá sún mọ́ olórí àsè jù ni orí rẹ̀ máa ń wà lápá àyà rẹ̀, bí ọmọ ẹ̀yìn kan ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù nínú Jòhánù 13:23. Ẹni tó ń wá èérún ló wá jókòó sápá ọ̀tún baba tó mọ àlejò ṣe.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé fi òwe yìí sọ fún tálákà pé kó fara dà á, tirẹ̀ ń bẹ lókè. Ẹsẹ 14 sọ àwọn tó ń gbọ́rọ̀: àwọn Farisí, tí wọ́n fẹ́ràn owó, tí wọ́n sì ń yọ ṣùtì sí Jésù. Ìwàásù tó wà fún olówó la sọ di oògùn oorun fún ẹni tí ebi ń pa.

Ti àwòrán ọ̀run kò pọ̀ lẹ́nu mi. Àwọn kan a máa fi ìka, ahọ́n àti ọ̀gbun ńlá tó pín ọlọ́rọ̀ àti Lásárù níyà wọn ọ̀run bí ẹni wọn ilẹ̀. Ẹsẹ 22 ní wọ́n ti sin ọlọ́rọ̀, ahọ́n wo ló wá ń gbẹ? Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò níbẹ̀ ni "ipò òkú", àwọn arákùnrin rẹ̀ márùn-ún sì ṣì wà láàyè, èyí fi hàn pé ọjọ́ ìdájọ́ kò tíì dé. Ìfihàn 20:14 ní a ó sọ ipò òkú fúnra rẹ̀ sínú adágún iná. Àwọn onígbàgbọ́ kò fẹnu kò lórí bóyá Jésù ń ṣàpèjúwe ibẹ̀ gan-an tàbí ó ń fi àwòrán sọ̀rọ̀. Èmi ò ní lè kọ́ ẹ̀kọ́ tó wúwo lé orí ìkán omi kan.

Ti ìgbàlà ló nílò ìṣọ́ra. Ìgbà mẹ́ta ni ọlọ́rọ̀ pe Ábúráhámù ní baba, Ábúráhámù náà sì dá a lóhùn pé "Ọmọ". Kò sẹ́ ẹ, síbẹ̀ jíjẹ́ ọmọ náà kò yọ ọ́. Kí ẹni tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀ rọra gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di pé ìtọrẹ àánú ni a fi ń ra ọ̀run. Ọlọ́rọ̀ fúnra rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ, "wọn yóò ronú pìwà dà" ló wí nípa àwọn arákùnrin rẹ̀. Bí ìyẹn ṣe máa ń rí wà ní orí 19, lọ́dọ̀ Sákéù, tó gba Jésù sílé tayọ̀tayọ̀, tó sì dìde fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà.

Ìkẹyìn ni ti àwọn "mo kú, mo jí". Nígbà kan kásẹ́ẹ̀tì ni, ní báyìí fídíò orí WhatsApp ni: ẹnì kan lọ sọ́run àpáàdì, ó padà wá ròyìn, a sì ń fi í ránṣẹ́ síra wa. Ohun tí ọlọ́rọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún gan-an nìyẹn, Ábúráhámù sì kọ̀ ọ́ fún un. Ó ní wọ́n ní Mósè àti àwọn wòlíì. Mósè ti sọ nínú Diutarónómì 15:7 pé kí a má háwọ́ sí arákùnrin wa tó tòṣì, Àìsáyà 58:7 sì ní kí a fi oúnjẹ wa fún ẹni tí ebi ń pa. Bí wọn ò bá gbọ́ ìyẹn, Ábúráhámù ní òkú tó jí kò ní yí wọn lọ́kàn padà. Lásárù kejì, ará Bẹ́tánì yẹn, wá jáde láti inú ibojì lóòótọ́, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ ka Jòhánù 12:10 kí ẹ rí ohun tí àwọn olórí àlùfáà ṣe: wọ́n gbìmọ̀ láti pa òun náà.