Bí o ṣe lè to róbọ́ọ̀tì tó mọ ìjà jà nínú Custom Robo Arena

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Kubwa máa ń bi mí tí wọ́n bá ti gbé Nintendo DS, ẹ̀rọ eré àfọwọ́gbé, dání láti fi ta Custom Robo Arena, eré tí róbọ́ọ̀tì ti ń bára wọn jà: “Bọ̀ọ̀dá, ìbọn wo ló le jù?” Mi ò kì í dárúkọ ìbọn kankan. Mo máa ń bi wọ́n pé: ṣé ìtòsí lo fẹ́ ti jà ni, àbí òkèèrè? Àbúrò mi, tí o ò bá tíì mọ ìdáhùn yìí, má tíì fọwọ́ kan ìbọn.

Nintendo gbé eré yìí jáde ní Jàpáánì lọ́dún 2006, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 2007. Ohun márùn-ún lo máa tò pọ̀: ara róbọ́ọ̀tì, ìbọn, bọ́ǹbù, pod àti ẹsẹ̀. Bọ́ǹbù máa ń gba òkè fò kọjá ògiri. Pod ní tirẹ̀ jẹ́ ohun ìjà kékeré tí o máa tú sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á sì máa wá ọ̀tá kiri fúnra wọn. Ẹsẹ̀ ló ń yí bí o ṣe ń sáré, bí o ṣe ń fò àti bí o ṣe ń balẹ̀ padà. Tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mú irú ara róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Shining Fighter, bíi Ray. Kò yára jù, kò sì wúwo jù.

Ká ní ìjà ìtòsí lo fẹ́. Strike Vanisher, irú ara róbọ́ọ̀tì mìíràn, dára fún un, torí pé tó bá ń sáré lójú òfuurufú, ó máa ń pòórá, ọta á sì kọjá lára rẹ̀. Àmọ́ kò lè gba ìyà púpọ̀. Fún un ní Stun Gun, tó jẹ́ ìbọn ìtòsí. Bọ́ǹbù tó ń gbá ọ̀tá jìnnà réré kò bá a mu rárá: ìwọ ń sáré lọ bá a, bọ́ǹbù rẹ ń lé e lọ! Wá pod tí yóò gba ẹ̀yìn ògiri lé e jáde wá bá ọ.

Tó bá jẹ́ òkèèrè, Gatling Gun dára, kí bọ́ǹbù àti pod rẹ sì jẹ́ èyí tó ń dí ojú ọ̀nà kí ọ̀tá má lè sún mọ́ ọ. Dragon Gun lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí o bá yìn ín tán, o ò ní tètè lè mira. Kó o tó fara mọ́ ìbọn èyíkéyìí, yìn ín lórí ilẹ̀, kó o tún fò sókè kó o yìn ín. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe bákan náà níbi méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́ jù lọ rèé: ìbalẹ̀. Róbọ́ọ̀tì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ kì í lè ṣe nǹkan kan fún ìgbà kúkúrú. Má fi ọta ṣòfò nígbà tí ọ̀tá rẹ ń fò kiri lókè. Wo ibi tó ń bọ̀ wá balẹ̀ sí, ju bọ́ǹbù síbẹ̀, kó o wá yìnbọn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀. Ìwọ náà, ẹ̀yìn ògiri ni kó o máa balẹ̀ sí. Tí o bá sì ti lù ú ṣubú, sún sẹ́yìn, torí pé bó bá ṣe ń dìde, nǹkan kan ò ní lè pa á lára fúngbà díẹ̀, ìgbà yẹn ló sì máa fẹ́ kọ lù ọ́. Tó bá jẹ́ ìwọ lo ń dìde, má ṣe sá. Lọ bá a!

Láti ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2014 ni Nintendo ti pa ìkànnì tí DS fi ń jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, wá ọ̀rẹ́ tó ní DS, kí ẹ jọ jókòó sójú kan, kí àwọn ẹ̀rọ yín lè rí ara wọn. Gba agbára sí bátìrì méjèèjì nígbà tí iná bá wà, nítorí tí ọ̀kan bá kú láàárín ìjà, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni.