Bí a ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní fóònù láìgba fóònù lọ́wọ́ wọn

Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ládùúgbò wa ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, tí mo ń fi bí wọ́n ṣe ń lo fóònù hàn wọ́n. Tíṣà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́ńwá náà wà níbẹ̀. Kò sí olórí kíkú nínú wọn. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni bí àwọn ọmọ wọn ṣe kọ́ wọn. Ọmọ á ti Èkó dé, á já fóònù gbà, á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, á ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí, Dádì?" Tó bá di Mọ́ńdè, Dádì ò mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ bàbá tàbí ìyá yín, ẹ lọ láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé kan dání àti báírò dúdú tó ń yọ dáadáa, kí ẹ sì rí i pé awò ojú wọn wà nítòsí. Ẹ má gbé fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa wò ó: ó ń yára jù, fóònù inú rẹ̀ kì í sì í jọ tiwọn. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí fóònù náà máa ṣe fún wọn. Ẹnì kan fẹ́ rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, ẹlòmíì fẹ́ mọ̀ bóyá owó ìfẹ̀yìntì ti wọlé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ohun kan ṣoṣo lójúmọ́.

Ẹ gba àyè kí ẹ tó gba fóònù, kí ẹ wọ Settings, kí ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, kí ẹ sì gbé ohùn sókè. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni ìṣẹ́jú tí ojú fóònù fi ń tàn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ló ti ń kú. Àgbà tó ṣì ń ka ìlà kìíní á rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ gbé e sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lójú fóònù, ẹ fi mẹ́rin péré sílẹ̀ níwájú: ìpè, WhatsApp, kámẹ́rà àti tọ́ọ̀ṣì. Ìka àgbà máa ń gbẹ, fóònù lè má gbọ́ ọ. Aṣọ tó tutù díẹ̀ tí a fi nu ìka ti tó. Ẹ yọ gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fóònù bó bá ti là. Ẹni tó lo táípúráítà rí á fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Ẹ ní kó fọwọ́ kàn án bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ìkòkò ti gbóná.

Láti ibí lọ, ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ kan fóònù náà mọ́. Abẹ́ itan ni mo máa ń ki ọwọ́ mi òsì bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún á di ìdérí báírò mú, òun ni mo fi ń tọ́ka. Bí wọ́n bá ṣi ibì kan tẹ̀, ẹ má pariwo "Ẹ̀!" Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá pa á, ọwọ́ wọn á sá sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ ti parí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi bọ́tìnnì tó ń dá wọn padà sí ojú àkọ́kọ́ hàn wọ́n, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà padà sí Kútọ̀, kò sí ibi tí kò lè rìn dé l'Abẹ́òkúta.

Àwọn fúnra wọn ni kó kọ ohun tí wọ́n ṣe sínú ìwé, lọ́rọ̀ tiwọn. Bàbá kan kọ ọ́ pé, "Tẹ róbótó aláwọ̀ ewé tó ní fóònù nínú." Ìyẹn dára ju gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè kọ fún un lọ. Láti 1859 ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn lédè Yorùbá nílùú yìí rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá.

Ìpè àti WhatsApp kì í gba àsìkò. Ẹ fi hàn wọ́n pé bí èèyàn bá di àwòrán gbohùngbohùn mú, tó sì tì í sókè, ó lè sọ̀rọ̀ títí láìdi nǹkan mú mọ́. Fún ìpè olójú-kojú, ẹ má náwó sórí ohun ìgbé-fóònù. Agolo mílìkì tí gààrí kún inú rẹ̀ á gbé e dúró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni nọ́ńbà àṣírí, torí náà ẹ fara balẹ̀ níbí. Ọmọ tó ń kánjú á fi í-meèlì ara rẹ̀ ṣí fóònù, á fi 1234 ṣe PIN, tàbí ọdún tí wọ́n bí Bàbá, á sì padà s'Ékòó. Lóṣù mélòó kan, fóònù bọ́ sínú takisí lọ́nà Pansẹ́kẹ́. Ọmọ ò rántí í-meèlì tó lò mọ́, nọ́ńbà gbogbo ẹni tí Bàbá bá ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún sì ti bá a lọ. Mo ti rí àgbà tó sunkún lórí èyí.

Í-meèlì Màmá ni kí ẹ lò, lórí líìnì Màmá. Kí Màmá yan PIN fúnra rẹ̀, kí ẹ̀yin sì kọjú sí ògiri nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́. Èmi ò mọ PIN ẹnikẹ́ni, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n mú nọ́ńbà tó ti pẹ́ lórí wọn, tí kò sì sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ń lò báyìí. Màmá kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló kọ nípa PIN rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó fi báírò dúdú fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì: "Vespa." Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Òun nìkan ló mọ nọ́ńbà tó wà lára alùpùpù Vespa náà. Bí wọ́n bá ti ṣi PIN líìnì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n dúró, torí ẹ̀ẹ̀kẹta ni líìnì ń tì, PUK olójú mẹ́jọ ló sì ń ṣí i. Ẹ tọ́jú páálí tí líìnì náà bá wá, ara rẹ̀ ni PUK máa ń wà.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn tún yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n yàn. Bàbá rélùwéè wa gba ìpè kan, wọ́n ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni, kó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún àwọn. Ó kà á. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń fi WhatsApp rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. A fi líìnì rẹ̀ wọlé padà, ṣùgbọ́n olè ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ọjọ́ méje la sì fi dúró. Ẹ ṣáájú olè: Settings, Account, Two-step verification, kí àgbà yan nọ́ńbà mẹ́fà tirẹ̀.

Bàbá yìí kì í ṣe òpè. Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá a. Ẹni tó pè é kọ́kọ́ kí i, "Ẹ kú àárọ̀ sà, ara ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?" Àgbà tí a tọ́ dáadáa kò lè já ìpè mọ́ ẹni tó ń kí i lẹ́nu, ojú á tì í. Ìwọ̀nyí sì ni olè mọ̀. Torí náà, ẹ má kàn ní "Ẹ má dá wọn lóhùn." Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi kúrò níbẹ̀. Tèmi ni: "Ọmọ mi ló ń bá mi bójú tó o, ó dàbọ̀." Kí wọ́n já a. Mo máa ń jáde síta, mo á fi líìnì mìíì pè wọ́n bí ẹni pé báńkì ni mí, mo á kí wọn dáadáa, a ó sì ṣe é títí wọ́n á fi lè já ìpè náà láìtọrọ àforíjì. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má kánjú.

Ó tó kan owó. Ọgọ́rùn-ún náírà ni kí wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń fi owó ránṣẹ́. Kí wọ́n ka nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́wàá náà sókè, kí wọ́n ka orúkọ tó bá yọ sókè, kí wọ́n tó tẹ nǹkan míì. Àkáǹtì tí owó ìfẹ̀yìntì ń wọ̀, ẹ má so ó mọ́ fóònù. Ẹ ṣí òmíràn tí owó ọjà nìkan wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé BVN, kí wọ́n tẹ *565*0# lórí líìnì tí wọ́n fi ṣe é. Fún NIN, *346#.

Àwọn tí PTAD, àjọ owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀, ń san owó fún, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ ètò àtijọ́, lè fi fóònù jẹ́rìí láti ilé pé àwọn wà láàyè. Kí wọ́n kọjú sí fèrèsé, kí wọ́n ṣí fìlà. Ti ìpínlẹ̀ Ògùn yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ má lọ. Ẹ fi WhatsApp pè wọ́n lójú-kojú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láìsọ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ iwájú orí Bàbá nìkan lẹ rí, tàbí àjà ilé, ẹ kí wọn, ẹ béèrè ara wọn, kí ẹ tó ní kí wọ́n gbé fóònù ti agolo mílìkì.